Àyè Iṣẹ́ Kan, Olólùfẹ́ Méjì

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, nítorí pé bó ti wù kó jẹun tó, kì í hàn lára rẹ̀. Nígbà tó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín jọ gba yàrá kan lókè ilé alájà kan. Fèrèsé yàrá náà kọjú sí ògiri ilé kejì, débi pé bí oòrùn bá máa wọlé, á kàn yọjú bí àlejò tí kò fẹ́ pẹ́, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ibùsùn kan ni wọ́n ní, àti sítóòfù kékeré kan, àti bàtà dúdú kan ṣoṣo tó ṣeé wọ lọ síwájú ọ̀gá. Bàtà náà bá Ẹlẹ́rìn-ín lẹ́sẹ̀ mu régí, ṣùgbọ́n Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní láti ki bébà bọ orí rẹ̀ kó tó lè fi rìn. Bí wọ́n bá pe àwọn méjèèjì fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́jọ́ kan náà, ẹni àárọ̀ á sáré padà wálé wá bọ́ bàtà fún ẹni ọ̀sán.

Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ẹnì kẹta wọn ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwọn. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Kì í kánjú sọ̀rọ̀, kì í kánjú rìn. Ẹlẹ́rìn-ín a sì máa sọ pé bí iná bá jó Jẹ́jẹ́ lẹ́sẹ̀, á kọ́kọ́ béèrè bóyá iná ni lóòótọ́. Òun àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jọ kọ́ ìmọ̀ kẹ́mísírì ní kíláàsì kan náà ni. Ẹlẹ́rìn-ín ní tirẹ̀ kọ́ ìmọ̀ ìtàn, ó sì mọ ìtàn-án pa ju bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lọ.

Jẹ́jẹ́ ló mọ oúnjẹ sè jù nínú wọn, nítorí náà ìkòkò tirẹ̀ ni ìkòkò gbogbo wọn. Ẹni tó bá rí ìpolówó iṣẹ́ lórí fóònù á kan ilẹ̀kùn fún àwọn yòókù. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé "A máa pè ọ́," tí kò wá sẹ́ni tó pè é, àwọn méjì tó kù á jókòó tì í, wọ́n á máa bú ilé iṣẹ́ náà títí inú rẹ̀ á fi yọ́. Bí wọ́n ṣe ń gbé e nìyẹn, oṣù ń gorí oṣù.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò mọ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti ọ̀rẹ́ lásán. Ohun tó mọ̀ ni pé bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ lórí àtẹ̀gùn, àyà rẹ̀ á já, á sì yára dojú kọ ìwé bí ẹni tó ti ń kàwé tipẹ́. Á ní nínú ara rẹ̀ pé ebi ló ń pa òun, torí pé Jẹ́jẹ́ ló máa ń gbé oúnjẹ wọlé. Ṣùgbọ́n ìgbà tó jẹun yó tán, tí àyà rẹ̀ ṣì ń já, ó mọ̀ pé kì í ṣe ti ebi.

Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ omi kéde pé àwọn ń wá ẹnì kan tí yóò máa yẹ omi wò nínú lábù kí wọ́n tó ṣí i sí ẹ̀rọ inú ilé àwọn èèyàn. Ẹnì kan péré ni. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọ̀wé sí wọn, Jẹ́jẹ́ náà kọ̀wé, wọ́n sì pe àwọn méjèèjì.

Ẹlẹ́rìn-ín rò pé wọn á bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwé pamọ́ fún ara wọn. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Orí àtẹ̀gùn ni wọ́n jọ máa ń jókòó sí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á máa bi ara wọn ní ìbéèrè, ohun tí ọ̀kan bá gbàgbé, èkejì á rán an létí. Nígbà tó ku ọ̀la tí wọ́n máa lọ, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti pa ìwé dé, ó fẹ́ dìde, ni Jẹ́jẹ́ bá ní kó dúró díẹ̀.

"Wọ́n lè mú ọ," ló wí, "wọ́n lè mú mi, wọ́n sì lè má mú ẹnì kankan nínú wa. Èyí tó wù kó jẹ́, ìwọ ni mo fẹ́ fẹ́. Mo fẹ́ kó o ti gbọ́ ọ kí wọ́n tó sọ ohunkóhun fún wa, kó má baà dà bíi pé iṣẹ́ ló gbẹnu mi sọ ọ́."

Ohun tó rọrùn fún ahọ́n Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló sọ: "Jẹ́ ká ti ibẹ̀ dé ná." Bó ṣe wọlé tó ti ilẹ̀kùn ló bẹ̀rẹ̀ sí kábàámọ̀ rẹ̀. Àbí ta ni wọ́n ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún, tó ń fèsì bí akọ̀wé ọ́fíìsì?

Òun ni wọ́n mú. Aṣọ ló ń lọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Nígbà tí obìnrin tó pè é sọ̀rọ̀ tán, ó yọ áyọ̀ọ̀nù kúrò lára iná, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín dì mọ́ ọn, wọ́n ṣubú lu ara wọn. Jẹ́jẹ́ wọlé, ó kí i kú oríire, ó din ẹyin fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rí i pé ẹyin Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ kò tán nínú àwo.

Láti ọjọ́ náà ni Jẹ́jẹ́ ti ń jáde kí wọ́n tó jí, tó sì ń pẹ́ kó tó wọlé. Ó ní iṣẹ́ lòun ń wá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ̀ pé ojú òun náà ló ń sá fún. Ó ń wọ aṣọ funfun lọ sí lábù, ó ń gbé ìgò omi sókè wò nínú ìmọ́lẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì ń bá a wí. Bóyá Jẹ́jẹ́ jẹ́ irú ọkùnrin tí kò fẹ́ kí obìnrin ṣíwájú òun. Bóyá èsì burúkú tí òun fún un lórí àtẹ̀gùn ló pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tó rò ó títí tí kò lójú, ó lọ kan ilẹ̀kùn Jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ Sátidé kan.

"O ní kí n gbọ́ ọ kí wọ́n tó sọ ohunkóhun fún wa," ló wí látẹnu ọ̀nà, torí ó mọ̀ pé bí òun bá jókòó, ìgboyà á lọ. "Mo gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni lèsì mi. Bẹ́ẹ̀ ni ì bá sì jẹ́ ká ní ìwọ ni wọ́n mú."

Jẹ́jẹ́ ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mìíràn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé áyọ̀ọ̀nù sórí apá ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó sì jó o. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ṣe ló máa ń ká apá ṣẹ́ẹ̀tì náà sókè kó tó wọ̀ ọ́.

Nígbà tí ìyá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá wò wọ́n, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn kọsẹ̀. Aránṣọ ni ìyá náà, ojú tó fi ń wọn aṣọ ló fi ń wọn èèyàn. Ó fẹ́ràn ìwà Jẹ́jẹ́, ó jẹ oúnjẹ rẹ̀, ó sì yìn ín. Ìgbà tó ku òun àti ọmọ rẹ̀ nìkan ló wá béèrè irú iṣẹ́ tí ọmọkùnrin náà ń ṣe. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní ó ń wá iṣẹ́.

"Wíwá iṣẹ́ kọ́ ni mo bi ọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Iṣẹ́ ni mo bi ọ́."

Ó ní bàbá rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ rárá. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, ẹni tí àwọn olùkọ́ pàápàá ń yà fún lójú ọ̀nà, kì í sì í rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pa á lẹ́rìn-ín. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bẹ ìyá rẹ̀ lójúkojú, ó bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ìyá kò gbọ́.

Àfi bí ìyá náà ṣe yí padà lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí wọ́n là lójú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè àlàáfíà Jẹ́jẹ́, ó sì ń pè é ní ọkọ ọmọ mi. Ẹ̀rù ba Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ láti béèrè ohun tó fà á, kí oore má lọ yí padà. Ìyá rẹ̀ ló wá fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òun ti gbọ́ pé Jẹ́jẹ́ ni ilé iṣẹ́ omi kọ́kọ́ mú, pé ó kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí wọ́n lè fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó ní ìfẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀, òun kò rí irú rẹ̀ rí, ìyẹn lòun sì ṣe lọ sọ ọ́ fún bàbá. Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Bàbá ní òun kò fẹ́ fojú kan ọmọkùnrin náà. Ó ní ẹni tó fi iṣẹ́ ta lọ́rẹ nítorí obìnrin, ọjọ́ tí ebi bá wọlé, obìnrin náà ló máa fi ta lọ́rẹ. Ó tún ní òun kò tọ́ ọmọ tí wọ́n á máa ṣàánú fún.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò gbọ́ èyí tí ìyá rẹ̀ sọ tẹ̀ lé e mọ́. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó wọ aṣọ funfun rẹ̀ ní lábù, ṣe ló dà bí aṣọ àyálò lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ yìn ín fún iṣẹ́ kan tó ṣe dáadáa, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ lára. Ó ń wo ìgò omi tó tò sórí tábìlì, ó sì ń sọ nínú ara rẹ̀ pé gbogbo èyí, tẹlòmíràn ni. Inú ń bí i sí Jẹ́jẹ́, ìfẹ́ rẹ̀ sì tún ń pa á, àwọn méjèèjì ń jà nínú rẹ̀ títí ó fi délé.

Jẹ́jẹ́ ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tó wọlé bá a.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé ìwọ ni wọ́n mú," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bi í, "tó o wá ní kí wọ́n fún mi?"

Jẹ́jẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rí ojú rẹ̀ ló gbé ẹ̀rín mì. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Dá mi lóhùn."

"Wọn ò mú mi," ni Jẹ́jẹ́ wí. Ó gbé àwo ìrẹsì sílẹ̀. "Mo fìdí rẹmi ni. Wọ́n bi mí pé bí èsì omi bá burú láàárọ̀ tí gbogbo èèyàn ń retí omi, tí ọ̀gá mi sì ní kí n buwọ́ lù ú, kí ni màá ṣe? Mo ní màá tún un yẹ̀ wò, màá sì gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ọ̀gá. Mo rí i lójú wọn pé ó ti tán. Ìwọ ńkọ́, kí lo sọ?"

"Mo ní màá kọ́kọ́ ti omi pa. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó wá bínú lẹ́yìn náà."

"O ò rí i? Mo dáhùn bí ẹni tó ń wá iṣẹ́. Ìwọ dáhùn bí ẹni tó máa ṣe é. Wọn ò ṣìṣe."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Jẹ́jẹ́ rò pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́, kò mọ̀ pé ẹkún ẹni tí wọ́n dá ẹrù rẹ̀ padà fún ni. Nígbà tó sunkún tán, ó bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Jẹ́jẹ́ ní ìtìjú ni. Ó ní ọkùnrin wo ló ń ṣíwèé ìkùnà rẹ̀ síwájú ẹni tó fẹ́ fẹ́? Ìdí tí òun fi ń sá fún un nígbà náà nìyẹn, kì í ṣe pé òun ń ṣe ìlara rẹ̀.

Wọn ò tíì wádìí ẹni tó pa irọ́ náà tí ẹni tó pa á fi wọlé. Ojú wọn ni Ẹlẹ́rìn-ín wò tó fi jẹ́wọ́. Ó ní ìyá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló pe òun, tó ń kanra pé kí ni ọmọ òun rí lára ọkùnrin tí kò níṣẹ́, òun kò sì rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Ó ní bí ìtàn náà ṣe jáde lẹ́nu òun ló ń dùn sí i, kò sì ṣeé gbà padà mọ́. Jẹ́jẹ́ kò pariwo. Ó kàn sọ pé, "O fi mí ṣe akọni láì gbàyè lọ́wọ́ mi, o sì gba iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ lọ́wọ́ rẹ̀ fi ṣe ẹ̀bùn fún mi." Ẹlẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú, nǹkan tí wọn ò rí rí.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ti rí ọ̀nà tí òun lè fi tún un ṣe. Kó tó la ẹnu sọ ìtàn tuntun ni Jẹ́jẹ́ ti ní rárá. Ó ní òun fúnra òun ló máa lọ sọ òótọ́ fún àwọn òbí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kó ìpayà bá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó rán an létí pé ìyá òun nìkan ló wà lẹ́yìn wọn, irọ́ yìí ló sì mú un wá. Bí wọ́n bá yọ ọ́, kí ló kù fún wọn ní ilé náà? Ọkùnrin tí kò níṣẹ́, tó tún fìdí rẹmi.

"Mo mọ̀," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Òun náà ni mo jẹ́."

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ìyá gbé ohun mímu tútù jáde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń pe Jẹ́jẹ́ ní àna. Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀, ó dín ohùn rédíò kù, ṣùgbọ́n kò pa á, kí àlejò lè mọ̀ pé wọn ò retí kó pẹ́. Jẹ́jẹ́ dọ̀bálẹ̀. Bàbá kò tètè ní kó dìde.

"Wọ́n ní o kọ iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ mi," ni bàbá wí. "Ta ló sọ fún ọ pé kò lè gbà á fúnra rẹ̀?"

"Irọ́ ni, sà," ni Jẹ́jẹ́ wí láti ilẹ̀. "Wọn ò fún mi níṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ̀. Èmi àti ọmọ yín jọ lọ, ó borí mi, wọ́n sì mú un. Mo fìdí rẹmi, sà."

Ìyá dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò lè wo ojú rẹ̀. Bàbá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní kí Jẹ́jẹ́ jókòó, ó sì ní kó sọ ìbéèrè tó gbé e ṣubú. Jẹ́jẹ́ sọ ọ́, ó sọ èsì tirẹ̀, ó sọ èsì Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà. Bàbá yíjú wo ọmọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i.

"Ìyàwó mi fẹ́ràn rẹ nítorí ìtàn náà," ló wá wí. "Ò bá kàn pa ẹnu rẹ mọ́. Kí lo wá sọ ọ́ fún?"

"Bí mo bá fi irọ́ wọlé yìí, sà, ojoojúmọ́ ni màá máa bọ́ ọ. Mi ò sì tíì ríṣẹ́ tí màá fi máa bọ́ ọ."

Nǹkan kan mi èjìká bàbá. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rò pé ikọ́ ni, àfi bó ṣe rí i pé ẹ̀rín ni. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó nawọ́, ó sì pa rédíò.

Ó ní nígbà tí òun jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, àwọn tó yege ló máa ń wá sí ọ́fíìsì òun wá ròyìn fúnra wọn. Àwọn tó fìdí rẹmi, bàbá wọn ló máa ń bá wọn gbé àwáwí wá. "Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá," ló wí.

Ìyá ti wọ ilé ìdáná lọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tẹ̀ lé e, ó bá a tó ń nu ife tó ti mọ́.

"Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo àwọn oníbàárà mi," ni ìyá wí láì bojú wẹ̀yìn. "Ó wù mí kí ẹnì kan fẹ́ràn ọmọ mi tó bẹ́ẹ̀."

"Màámi, bó bá dákẹ́, ẹ̀yin ni ẹ máa fẹ́ràn rẹ̀. Èmi ni màá máa rò títí ayé pé iṣẹ́ mi kì í ṣe tèmi. Ó yàn pé kí ẹ kọ òun, kí n lè ní ohun tó jẹ́ tèmi. Ṣé ìyẹn kò tó ìfẹ́ ni?"

Ìyá gbé ife náà sílẹ̀. Ó ní kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà bóyá ó ti jẹun kó tó kúrò nílé.

Bàbá kò gbé ọmọ fún un lọ́jọ́ náà. Ó ní kó lọ wá iṣẹ́ tó mọ́, ì báà kéré, kó tó padà wá. Ó ní kì í ṣe nítorí owó, ọkùnrin tí kò níbi tó ń lọ láàárọ̀ ni ìjà máa ń tètè wọ ilé rẹ̀. Jẹ́jẹ́ dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan, torí pé òun mọ̀ pé wọ́n ti fún òun.

Iṣẹ́ náà kò sì yá. Wọ́n kọ̀ ọ́ níbí, wọ́n kọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò fi í pamọ́ fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ́. Bó ti ń wọlé ló ń sọ ibi tí òun ti ṣìṣe, wọ́n á sì jọ tú u palẹ̀. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀dà gbà á pé kó máa yẹ ọ̀dà wò kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú garawa. Ẹlẹ́rìn-ín náà ríṣẹ́. Àwọn tó ń kọ ìpolówó ọṣẹ fún rédíò ló mú un, Jẹ́jẹ́ sì ní Ọlọ́run ti ṣàánú gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ti rí ibi tí wọ́n ti ń sanwó fún àsọdùn.

Ọjọ́ ìgbéyàwó dé, ó sì lọ ní ìrọ̀rùn. Nígbà tí àwọn àlejò ń tú ká, ìyá fa Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń tún kọ́là aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún un ṣe, bẹ́ẹ̀ kọ́là náà kò wọ́.

"Gbọ́," ló wí. "Ọkọ rẹ yìí kò mọ irọ́ pa. Ọjọ́ tó o bá se oúnjẹ tí kò dùn, á sọ fún ọ. Má wá sunkún bá mi."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sílé, Jẹ́jẹ́ bi í léèrè ohun tí ìyá rẹ̀ bá a sọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ ọ́ fún un. Jẹ́jẹ́ rò ó wò fún ìgbà díẹ̀, bí ìṣe rẹ̀.

"Ẹ̀wà tó o sè lọ́sẹ̀ tó kọjá," ló wí, "ó jóná díẹ̀."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti di ikùn mú. Ó mí kanlẹ̀, ó gbé orí lé èjìká ọkọ rẹ̀. Ó wá gbogbo inú ọkàn rẹ̀ bóyá ohun kan ṣì kù tó yẹ kí òun máa bẹ̀rù, kò rí ìkankan. Kí ọkọ̀ tó yà sí àdúgbò wọn, ó ti sùn lọ fọnfọn.